Kí ni sónà ń bá pàdé nínú èéfín ìsàlẹ̀ òkun?

Ìbéèrè: "Mo kà á pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi ìró ya àwòrán èéfín dúdú tó ń tú jáde láti inú ihò omi gbígbóná ní ìsàlẹ̀ òkun. Ohun tí kò yé mi ni pé, kí ni ìró náà ń kàn gan-an? Ṣé èérún tó wà nínú èéfín ni, àbí omi gbígbóná fúnra rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ ooru ni wọ́n ń wá, kí ló dé tí wọn ò kàn ki tẹmómítà bọ ihò náà? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ihò yìí ń dún fúnra rẹ̀."

Ìdáhùn: Méjèèjì ni ìró sónà (ẹ̀rọ tó ń ju ìró sínú omi, tó sì ń gbọ́ èyí tó bá padà wá) ń kàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Nítòsí ẹnu ihò, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, omi gbígbóná àti omi tútù tó ń lọ́ mọ́ ara wọn ló ń dá ìró padà jù. Èérún kàn ń fi díẹ̀ kún un ni. Èyí kọ́ ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà rò. Mo máa padà sórí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ so mọ́: ẹni tí kò bá mọ ohun tó dá ìró padà kò lè sọ ohun tí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ túmọ̀ sí. Ní ti tẹmómítà, wọ́n ń tì í bọ ibẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún. Omi òkun máa ń wọ inú òkúta tó sán ní ìsàlẹ̀ òkun, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ti ń ya kúrò lára ara rẹ̀. Á jìn wọlẹ̀ títí á fi sún mọ́ òkúta yíyọ́, á gbóná, á bọ́ irin, bàbà, síǹkì àti imí-ọjọ́ lára òkúta tó gbà kọjá, á sì ru padà sókè. Ọdún 1977 ni ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin gbé àwọn onímọ̀ dé ọ̀dọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ nítòsí erékùṣù Galápagos, ní nǹkan bíi 2,500 mítà nísàlẹ̀. Omi ti ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni. Ní 1979, lórí East Pacific Rise (òkè gígùn kan nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì), ní ìwọ̀n 21 sí àríwá, wọ́n bá èyí tó ń tú èéfín dúdú, tí omi ẹnu rẹ̀ gbóná ju 350°C lọ. Kò hó, torí pé ẹrù omi tó wà lórí rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 260 ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ àwa tó wà lórí ilẹ̀.

Bí omi yìí bá ti jáde tó pàdé èyí tí kò ju bíi 2°C lọ, irin àti imí-ọjọ́ á dì pọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á di èérún dúdú. Ohun tí à ń pè ní èéfín nìyẹn o. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀. Nítorí pé omi náà fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká, á máa ru sókè bí òpó, á sì máa fa omi tútù mọ́ra bó ṣe ń lọ. Ó ń fà á mọ́ra débi pé nígbà tó bá fi gòkè tó 50 mítà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná rẹ̀ àti ti omi àyíká kì í sábà tó 1°C mọ́. Síbẹ̀ ó lè gòkè tó 200 tàbí 300 mítà kó tó bá omi tí wọ́n jọ wúwo bákan náà pàdé, kó sì tẹ́ sílẹ̀ lọ gbọọrọ.

Ó yá, tẹmómítà. Ká ní ẹ tì í bọ ẹnu ihò kan, ó sì sọ fún yín pé 330°C ni. Ó lè máa sọ 330 náà fún oṣù mélòó kan. Bí omi tó ń jáde bá dín kù sí ìdajì, 330 ṣì lè wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Bí lítà kan ṣe gbóná tó ni tẹmómítà mọ̀. Kò mọ iye lítà tó ń kọjá lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye ooru tó ń ti inú ilẹ̀ bọ́ sínú òkun lápapọ̀ la fẹ́ mọ̀. Òkìtì kan ṣoṣo tó dì yí ihò ká sì lè ní ẹnu tó pọ̀, àwọn kan á fẹ̀, àwọn mìíràn ò ní ju àtàǹpàkò lọ, irin inú omi á sì máa dì bo ohunkóhun tí ẹ bá fi sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Tí ẹ bá sọ pé kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀ sínú òpó omi, ìṣàn omi òkun máa ń tẹ òpó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún: tẹmómítà á wà nínú rẹ̀ ní wákàtí yìí, á bọ́ síta ní wákàtí tó tẹ̀ lé e, kò sì ní mọ̀ bóyá òpó ló yẹ̀ tàbí ooru ló dín kù. Kámẹ́rà kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú omi, nínú èéfín yìí ló wá burú jù.

Ìró kò bìkítà fún òkùnkùn. Ó ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi òkun, ó sì ń wọ inú èéfín já sódì kejì. Àwòrán òpó omi gbígbóná tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìró yà jáde ní 1991, láti East Pacific Rise kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Peter Rona àti David Palmer wà lára àwọn tó ṣe é. Rona yìí kan náà ló ṣáájú àwọn tó rí èéfín dúdú nínú òkun Àtìláńtíìkì ní 1985, níbi tí wọ́n ń pè ní TAG. Wàhálà tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni pé ara ọkọ̀ abẹ́ omi ni sónà wà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ padà sókè. Ẹ̀ ń rí ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ó di ìgbà tí owó ìrìn-àjò mìíràn bá tún yọjú.

Wáyà ló yí iṣẹ́ náà padà. Ní 2010 wọ́n gbé ẹ̀rọ sónà kan tó ń jẹ́ COVIS kalẹ̀ síwájú òkìtì Grotto ní pápá Main Endeavour, ibi tí irú ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, lórí òkè gígùn abẹ́ òkun tó ń jẹ́ Juan de Fuca Ridge, ní nǹkan bíi 2,200 mítà nísàlẹ̀ Pàsífíìkì, lápá etíkun Kánádà. Wáyà NEPTUNE tí àwọn ará Kánádà tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ló ń fún un ní iná, òun náà ló ń gbé dátà rẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Sónà náà wà lórí ẹsẹ̀ irin tó ga tó nǹkan bíi mítà 4, ó ń yí orí láti wo òkè, ó sì ń wo iwájú. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 2015. Ní 2018 wọ́n tún gbé e kalẹ̀ ní pápá ASHES, nínú kòtò orí òkè ayọnáyèéfín Axial Seamount, ní nǹkan bíi 1,540 mítà, lórí wáyà ti Amẹ́ríkà. Rona kò rí ìyẹn. Ó ti kú ní 2014.

Bó ṣe ń ya àwòrán wù mí púpọ̀. Ó máa ń ju ìró kúkúrú kan jáde, á sì dúró gbọ́ èyí tó bá padà wá. Òkúta àti ògiri ihò náà ń dá ìró padà ju omi lọ fíìfíì, nítorí náà bí ẹ bá wo ohun tó padà wá bẹ́ẹ̀, òkúta lásán lẹ máa rí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á ju ìró kejì tẹ̀ lé àkọ́kọ́, wọ́n á wá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Òkúta kò kúrò lójú kan. Ibi tó wà á di òdo. Omi inú òpó ti yí padà láàárín ìró kan sí òmíràn, òun ló máa ṣẹ́kù. Ìṣípòpadà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń rí i.

Wàyí o, kí ló dá a padà? COVIS ń lo ìró tó ń mì nígbà 396,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 396 kHz. Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 20 kHz lọ. Bí ìró bá ń rin mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá, gígùn ìgbì kan á jẹ́ mìlímítà 3.8. Èérún inú èéfín kéré sí ìyẹn kọjá àfiwé: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà la fi ń wọn irú wọn. Ohun tó bá kéré báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbì kì í dá ìró padà tó nǹkan, àfi tó bá pọ̀ yanturu. Ó sì pọ̀ yanturu lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣáájú fi gbà pé èérún ni. Ó bọ́gbọ́n mu. Ohun tí ojú rí ni èéfín, wọ́n sì rò pé òun náà ni ìró á rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo omi fúnra rẹ̀. Nínú omi tó tutù tó ti ìsàlẹ̀ òkun, tí ìgbóná bá fi 1°C pọ̀ sí i, ìyára ìró á fi nǹkan bíi mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá pọ̀ sí i. Nínú 1,500, ìyẹn kò ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó jọ ohun tí kò ní láárí. Àmọ́ nínú òpó yẹn, gbígbóná àti tútù kò tíì di ọ̀kan. Wọ́n wà ní fọ́nrán fọ́nrán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí dórí èyí tí kò nípọn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ, ààlà kọ̀ọ̀kan sì ń dá ìró bíńtín padà. Fọ́nrán tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìdajì gígùn ìgbì, ìyẹn mìlímítà 1.9 fún COVIS, ni ìró tó ń ti ara wọn bọ̀ máa ń bára dọ́gba lọ́nà, tí wọ́n á fi gbè lẹ́yìn ara wọn títí ẹ̀rọ á fi gbọ́ wọn. Nígbà tí Guangyu Xu, Darrell Jackson àti Karen Bemis tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017, apá ìyípadà ìgbóná ni òṣùwọ̀n tẹ̀ sí.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà ya èérún àti ooru sọ́tọ̀, òun náà sì ni ká yí ìró padà. Tí ẹ bá sọ ìró 200 kHz di 400, ohun tí èérún kéékèèké ń dá padà á di ìlọ́po 16. Ti ooru tó ń rú kì í fò sókè bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má sì rò pé ìdáhùn kan náà ló wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè: bí òpó bá ṣe ń gòkè ni ooru ń fọ́n ká sínú omi, àmọ́ èérún ṣì wà, ìpín tirẹ̀ nínú ìró tó ń padà á sì máa pọ̀ sí i.

Ìdí rèé tí mi ò fi gba àwòrán aláwọ̀ mèremère tí wọ́n sábà máa ń gbé jáde gbọ́ tán. Pupa níbí, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, ojú yín á sọ pé ibi tó pupa ló gbóná jù. Rárá. Ibi tó pupa ni ibi tí ìgbóná ti ń yí padà jù lórí ìwọ̀n mìlímítà 1.9. Omi tó gbóná gan-an tó sì pò pọ̀ dáadáa lè ṣókùnkùn nínú àwòrán.

Ohun tí mo ka sí iṣẹ́ gidi nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwọ̀n ìyára, kì í ṣe àwòrán. Ẹ ti gbọ́ bí ohùn fèrè ọkọ̀ ṣe máa ń ròkè nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, tó sì máa ń rẹlẹ̀ tó bá ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó ń lọ sókè ṣe ń yí ohùn sónà padà díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní Doppler nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi òpó ń gòkè ní mítà 0.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí sónà sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ní igun 30°. Ìdajì ìyára yẹn péré, mítà 0.1, ló wà lójú ọ̀nà tí sónà ń wò. Ìyípadà tó máa bá ohùn ni Hz 53, nínú 396,000. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ nìyẹn, nínú omi tó ń rú, tí ìró kọ̀ọ̀kan ń padà wá lọ́nà ọ̀tọ̀. Ìró ẹyọ kan kò lè sọ ọ́. Àfi kí wọ́n ju ọ̀pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n sì wá àárín wọn.

Ìṣòro kejì le ju ìyẹn lọ. Omi òkun náà ń ṣàn. Ìṣàn tí kò ju mítà 0.05 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ, tó ń lọ gbalaja kúrò lọ́dọ̀ sónà, á fi nǹkan bíi 0.043 kún 0.1 yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ kúrò á sọ pé òpó ń sáré nígbà tó jẹ́ pé ìṣàn ló ń gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àwòrán òpó náà fúnra rẹ̀ ń fi ibi tó dagun sí hàn. Wọ́n á gbà pé ọ̀nà ibi tó dagun sí ni omi ń bá lọ, wọ́n á sì ti ara ìyẹn ṣírò èyí tó ń lọ sókè gan-an. Ẹ ò rí i pé àwòrán wúlò, àmọ́ ìránṣẹ́ ni.

Láti ìyára la ti ń dé orí ooru, ibẹ̀ sì ni ìṣọ́ra ti pọn dandan. Òfin tó de òpó tó ń ru sókè láti ojú kan ni pé, tí ẹ bá sọ ìyára di ìlọ́po méjì ní gíga kan náà, agbára ooru tó ń tì í á jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń fi ìyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Nítorí náà àṣìṣe ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìyára á di ìdá 33 lórí ooru. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé òkìtì kan ń tú ooru mẹ́gáwáàtì báyìí báyìí jáde, ẹ béèrè ìyára tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe yọ ìṣàn omi kúrò. Lójú tèmi, ohun tí ẹ̀rọ tó dúró lójú kan mọ̀ jù ni ìyípadà: bóyá ooru ọdún yìí ju ti èṣí lọ. Iye náà gan-an ṣì ní àlàfo tó fẹ̀.

Dídagun tí mo sọ yẹn ní èrè tirẹ̀. Ní Endeavour, òpó náà ń tẹ̀ tó ń nà pẹ̀lú bí omi òkun ṣe ń kún tó sì ń fà, ní nǹkan bíi wákàtí 12.4 síra wọn. Omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún máa ń yí bó ṣe ń fa omi tútù mọ́ra padà, ìyẹn sì ń yí gíga tó lè dé padà.

Gbogbo ooru kọ́ ló ń bá èéfín dúdú jáde o. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń rọra ń sun láti inú àlàfo òkúta, kò ní èérún, kò ga sókè, òun ni ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ sì gbé lé lórí. Ooru tó ń gba ọ̀nà yìí jáde lè ju ti èéfín dúdú lọ. Sónà kò lè ya àwòrán rẹ̀ bí òpó, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà àyínìke kan: ó ń ju ìró sí ilẹ̀ ní ìgbà díẹ̀ tẹ̀ léra, ó sì ń wò bóyá ìdáhùn ilẹ̀ ṣì bára mu. Ibi tí omi wọ́ọ́rọ́ bá ti bo ilẹ̀, ìdáhùn kì í bára mu, torí pé ìró gba inú omi tó ń mì kọjá lálọ àti lábọ̀. COVIS ń ṣe èyí pẹ̀lú. Daniela Di Iorio ti Yunifásítì Georgia fi irú ìmì bẹ́ẹ̀ ṣe òmíràn: ó gbé ohun tó ń ju ìró sí ẹ̀gbẹ́ kan òpó, ó gbé èyí tó ń gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń ti ara bí ìró ṣe ń gbọ̀n nígbà tó bá la òpó kọjá mọ ìyára òpó náà.

Ẹ lè béèrè pé ṣé sónà ara ọkọ̀ ojú omi kò lè rí i láti òkè, kí wọ́n sinmi gbogbo wàhálà ìsàlẹ̀. Ìró tó ga tó 396 kHz kì í lè rìn jìnnà, omi òkun á ti gbé e mì. Èyí tó rẹlẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà rí fọ́nrán ooru tó tínrín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ní Okinawa Trough lápá Japan, àwọn onímọ̀ fi irú sónà bẹ́ẹ̀ rí ihò omi gbígbóná tuntun, wọ́n sì gbé e jáde ní 2015. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn níbẹ̀ ni pé àwọn ihò kan ní agbègbè yẹn ń tú ẹ̀kán gáàsì CO2 tó ti di olómi nítorí ẹrù omi jáde, ẹ̀kán báyìí sì ń dá ìró padà ju omi gbígbóná lọ. Ìdáhùn tó ròkè lè jẹ́ ti ẹ̀kán mélòó kan, kí ooru má sì pọ̀.

Ó ku ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò náà ń dún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀ rò pé kò lè dún tó ohun tí a lè gbọ́, torí pé omi tó ń jáde kò yára tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyára ìró fúnra rẹ̀. Timothy Crone, William Wilcock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ èéfín dúdú méjì tí wọ́n ń pè ní Sully àti Puffer ní Main Endeavour. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, ariwo wà tó tàn káàkiri, àwọn ohùn kan sì tún wà tó dúró sórí ìwọ̀n kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì ń yí padà bí omi òkun ṣe ń kún tó ń fà. Àǹfààní rẹ̀ hàn: ẹni tó ń gbọ́ kò nílò láti ju ìró, iná díẹ̀ ló ń jẹ, kò sì dí ẹranko kankan lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí omi bá ń gba ara ẹ̀rọ kọjá, ìṣàn náà á máa gbá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìró, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ìró kankan tó ti ihò wá. Bí omi bá ń kún tó sì ń fà, ìṣàn tó ń gbá ẹ̀rọ náà á máa pọ̀ á máa dín, yóò wá jọ pé ihò ló ń yí ohùn padà. Nígbà tí ẹ bá rí àbọ̀ ìwádìí tó ní ihò kan ń dún, ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí àti bí wọ́n ṣe dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìṣàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.